Odi Tó Ní Èjí: Ilé Oníṣòwò Irun Àgùntàn ní Stokesay

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá kí mi láti Ìbàdàn ni mo mú lọ síbẹ̀. A sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Craven Arms, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ lẹ́bàá títì, a wá yà sí ọ̀nà tóóró kan. Bí ilé náà ṣe yọ sí wa báyìí, ẹ̀gbọ́n dúró. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọba wo ló gbé ibí?" Mo ní kò sí ọba tó gbé e rí. "Ìjòyè ogun wá ni?" Mo ní rárá. "Ta wá ni?" Mo ní oníṣòwò ni, irun àgùntàn ló ń tà. Ẹ̀gbọ́n wo ilé ìṣọ́ olókùúta, wọ́n wo yàrà tó yí gbogbo rẹ̀ po, wọ́n wo orí ògiri, wọ́n wá wo ojú mi bóyá ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. "Irun àgùntàn yìí náà?"

Mi ò lè bá wọn wí. Pátákó tó wà níbẹ̀ ń pe ilé náà ní Stokesay Castle, ẹni tó bá sì ti gbọ́ "castle" lẹ́nu òyìnbó, ọba àti ogun ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi ìtàn ilé ṣiṣẹ́ ṣe kì í kà á mọ́ odi ogun. Ilé olódi ni wọ́n kà á sí: ilé gbígbé, tí onílé kàn fi odi àti yàrà yí ká. Lẹ́yìn tí ẹni tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́ ni orúkọ castle yẹn tó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a kò bá sì ya ilé olódi sọ́tọ̀ kúrò lára odi ogun, a óò ṣi gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà yẹn kà, láti orí fèrèsé dórí ṣáláńgá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo odi ogun gidi. Lọ́dún 1283, lẹ́yìn tí ọba Edward Kìíní ti ṣẹ́gun Wales, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi kan sí Conwy, ní etíkun àríwá ilẹ̀ náà. Ilé ìṣọ́ ńláńlá mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀. Ọdún bíi mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ, owó tó bá a lọ tó nǹkan bíi pọ́n-ùn 15,000, owó tó lè mú orí ọba pàápàá fọ́ láyé ìgbà yẹn. Ọmọ ogun ló ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó lé àwọn ará Wales lórí kí wọ́n má baà tún dìde. Ní àwọn ọdún kan náà yẹn ni Laurence of Ludlow, oníṣòwò irun àgùntàn tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n, ń kọ́ ilé tirẹ̀ sí Stokesay, ní Shropshire, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń súnmọ́ ààlà Wales. Laurence kò ní ìlú tó fẹ́ ṣẹ́gun. Ó ń wá ibi tí yóò ti máa jẹun, tí yóò ti máa gba àlejò tó níyì, tí yóò sì máa sùn láìbẹ̀rù olè.

Ta wá ni Laurence yìí? Ludlow ni ìdílé rẹ̀ ti wá, ìlú tó jìnnà sí Stokesay ní nǹkan bíi máìlì méje. Nicholas bàbá rẹ̀ ti ń ṣe òwò náà ṣáájú rẹ̀. Ó ṣòro fún wa lónìí láti mọ bí irun àgùntàn ṣe níyì tó nígbà yẹn, àfi bí a bá rò ó bí epo rọ̀bì. Irun àgùntàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ahunṣọ Flanders, ní ilẹ̀ Belgium òde òní, àwọn ará Bruges, Ghent àti Ypres, ń fẹ́ ju ti ibòmíràn lọ. Bí kò bá dé, òfì wọn á dúró, ebi á wọ̀lú. Oníṣòwò bíi Laurence á lọ bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó ní agbo ńlá, nígbà mìíràn á ti san owó sílẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ irun náà rárá. Wọ́n á dì í sínú àpò. Àpò kan ń wọn kílò 165 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ẹ má rò ó bí àpò ìrẹsì. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti kó o lọ sí èbúté, ó di òkè òkun. Owó wọlé fún Laurence débi pé àwọn ọlọ́lá tó ju òun lọ ní orúkọ ń yá owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó kì í ṣe ilẹ̀. Láwùjọ yẹn, ẹni tí kò ní ilẹ̀ kò tíì jẹ́ èèyàn pàtàkì, bí àpótí rẹ̀ tilẹ̀ kún dé ẹnu. Lọ́dún 1281 Laurence ra ilẹ̀ Stokesay. Orúkọ ibẹ̀ ti wà kí ó tó dé: Stoke ni wọ́n ń pe ìletò náà, ìdílé kan tó ń jẹ́ de Say ló ni ín nígbà kan, ni méjèèjì bá so pọ̀. Laurence kò yí i padà. Ilé ló fi yí ibẹ̀ padà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ. Bí ẹ bá wo orí ilé ìṣọ́ tó wà ní gúúsù ilé náà, ẹ ó rí i pé ògiri rẹ̀ kò dọ́gba lókè. Ó ga, ó rẹlẹ̀, ó ga, ó rẹlẹ̀, bí eyín tó ní àlàfo. Àwa ní orúkọ fún irú àlàfo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu èèyàn: èjí ni. Èjí ni màá máa pè é níbí, torí n kò rí orúkọ tó tún bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n dá èjí orí ògiri sílẹ̀ fún kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ odi á fara pamọ́ sẹ́yìn eyín, á yọjú níbi èjí, á ta ọfà, á tún padà sápamọ́. Ohun èlò ogun ni. Nítorí náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di àṣà pé ẹni tó bá fẹ́ fi èjí sórí ògiri ilé rẹ̀ yóò gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọba.

Ìwé kan tó dàgbà ju ti Stokesay lọ jẹ́ ká rí bí wọ́n ṣe ka èjí yìí sí. Ní nǹkan bíi ọdún 1195, John, tó padà wá di ọba, fún Richard Vernon láyè láti mọ ògiri yí ilé rẹ̀ ká ní Haddon, ní Derbyshire. Ó sọ iye tí ògiri náà gbọ́dọ̀ ga: ẹsẹ̀ bàtà 12. Ó wá là á mọ́lẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ní èjí. Ṣé ẹ rí i? Ẹ lè mọ ògiri, ẹ kàn má fi eyín sí i lórí. Ògiri tó ga tó èèyàn méjì nìyẹn, olè kò ní fò ó wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń kọjá bá wò ó, ògiri ilé onílẹ̀ ni yóò rí, kò ní rí odi ìjòyè.

Laurence gba èjí tirẹ̀. Lọ́dún 1291, Edward Kìíní fún un ní ìwé pé ó lè fi ògiri òkúta fún ilé rẹ̀ ní Stokesay lágbára, kí ó sì fi èjí sórí rẹ̀. Àwọn òpìtàn ti ka irú ìwé yìí tó lé ní 500 láàárín ọdún 1200 sí nǹkan bíi ọdún 1550. Tẹ́lẹ̀, wọ́n gbà pé ọba ló ń fi ìwé náà dí àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n má baà fi odi ilé wọn ṣọ̀tẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tún un yẹ̀ wò láìpẹ́ kò gba ìyẹn mọ́. Wọ́n rí i pé ọba kì í sábàá kọ̀ fún ẹni tó bá béèrè, àti pé ọ̀pọ̀ ló béèrè fún ilé tí ògiri rẹ̀ kò lè dá ọmọ ogun kankan dúró. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà nínú àríyànjiyàn yìí. Ìwé yẹn, oyè ni. Ẹni tí ọba bá fún, ọba mọ̀ ọ́n lórúkọ nìyẹn, gbogbo agbègbè ni yóò sì gbọ́. Ó dà bí èjí ẹnu gan-an: kì í ṣe èjí ni wọ́n fi ń jẹ ẹran, ẹwà ni.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ilé Laurence ti wà nílẹ̀ kí ìwé náà tó dé. Báwo la ṣe mọ̀? Igi ló sọ ọ́. Lọ́dọọdún ni igi óákù máa ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀ nínú, òrùka ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa máa ń fẹ̀, ti ọdún ọ̀dá máa ń tín-ín-rín. Nítorí pé gbogbo igi tó wà ní agbègbè kan ló rí òjò kan náà, ìtò òrùka wọn máa ń jọra. Àwọn onímọ̀ ti to ìtò yìí jọ sẹ́yìn dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Wọ́n á lu ihò kékeré kan sínú igi àjà, wọ́n á yọ ìwọ̀n bí ìka jáde, wọ́n á fi òrùka rẹ̀ wé ìtò náà, wọ́n á sì sọ ìgbà tí wọ́n gé igi yẹn lulẹ̀. Àwọn igi Stokesay sọ pé àárín ọdún 1280 sí 1290 ni wọ́n gé àwọn. Laurence ti ń gbé ilé kó tó gba àṣẹ odi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọlé. Ilé ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ ìyeyè, tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àgbàlagbà tó ń sinmi lé ọ̀pá, kì í ṣe ti Laurence, màá padà sórí rẹ̀. Bí a bá kọjá nínú rẹ̀, pápá koríko ni, ilé gbọọrọ kan sì wà níwájú wa. Gbọ̀ngàn ló wà láàárín, ilé ìṣọ́ kan wà ní àríwá, òmíràn wà ní gúúsù.

Gbọ̀ngàn yìí gùn tó nǹkan bíi mítà 16. Kò ní òpó láàárín rárá. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló fi àwọn igi óákù ńláńlá tẹ̀ bí ọrun láti ara ògiri lọ sókè, tí wọ́n fi gbé òrùlé náà dúró láti nǹkan bí ọdún 730 sẹ́yìn. Láàárín ilẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, òkúta tó yí ojú ààrò ká ṣì wà níbẹ̀. Kò sí símínì. Èéfín kàn ń gòkè lọ wá ọ̀nà jáde láti inú òrùlé ni. Ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá ojú kì í ta wọ́n. Ó dájú pé ojú á máa ta wọ́n.

Ẹ wá wo fèrèsé. Wọ́n ga, wọ́n fẹ̀, orí wọn ṣe ṣónṣó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ̀ngàn náà. Ti apá kan kọjú sí inú ọgbà, ìyẹn kò burú. Ti apá kejì kọjú síta, sórí yàrà, níbi tí ọ̀tá yóò ti máa bọ̀. Apá òkè wọn nìkan ló ní gíláàsì nígbà ayé Laurence, torí gíláàsì wọ́n bí ojú. Apá ìsàlẹ̀, pákó ni wọ́n fi ń tì í lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi lọ dúró níwájú ọ̀kan, wọ́n yọjú sí yàrà nísàlẹ̀, wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé olè ni mí, ibí ni màá gbà. Àkàbà kan ti tó." Mo rẹ́rìn-ín, torí pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kò sí jagunjagun tó máa kọ́ odi tí yóò fi fèrèsé tó èèyàn méjì ní gíga sí apá ibi tí ogun ti ń bọ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé orí tábìlì òun, kí àlejò sì mọ̀ pé òun lágbára láti ra gíláàsì, ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí gbọ̀ngàn náà ni àtẹ̀gùn kan wà tí mi ò lè ṣàìdúró lórí rẹ̀. Àtẹ̀gùn ìgbà Laurence ni, òun gan-an, kì í ṣe àfidípò. Wọn kò fi pákó pẹlẹbẹ kàn án bíi tòní. Odindi ìtì igi ni wọ́n gbẹ́ fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá tò wọ́n sára ògiri lọ sókè. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó le bí òkúta, àárín rẹ̀ ti wọnú díẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó gùn lọ sínú ilé ìṣọ́ àríwá, níbi tí ilẹ̀ alámọ̀ sísun ìgbà àtijọ́ ṣì wà nínú yàrá. Yàrá tó wà lókè pátápátá yọ síta kọjá ògiri òkúta, igi àti amọ̀ ni, ó dà bí ẹni tó gbé àpótí lérí. Ẹ sọ fún mi, odi ogun wo ló ń fi igi ṣe orí?

Yàrá onílé fúnra rẹ̀ wà ní apá kejì gbọ̀ngàn, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìta ni àtẹ̀gùn rẹ̀ wà. Bí Laurence bá jẹun tán tí òjò ń rọ̀, àfi kí ó jáde sínú òjò kí ó tó dé ibùsùn. Nínú yàrá yìí, ní ẹ̀gbẹ́ ààrò, ihò kékeré méjì wà lára ògiri tó ń wo inú gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá gbé ojú síbẹ̀ yóò rí gbogbo àwọn tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nísàlẹ̀, wọn kò sì ní rí i. Ẹ̀gbọ́n gbé ojú sí ọ̀kan, èmi sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn láti wò ó bóyá màá rí wọn. Mi ò rí nǹkan kan àfi òkùnkùn nínú ihò. Pákó tí wọ́n fín sórí ààrò yàrá yẹn rẹwà púpọ̀, àmọ́ iṣẹ́ ìgbà tó tẹ̀ lé e ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 350 lẹ́yìn Laurence kí wọ́n tó ṣe é.

Ó ku ilé ìṣọ́ gúúsù, òun ló jọ ti ogun jù. Òkúta ni látòkè délẹ̀, ògiri rẹ̀ nípọn, ó ní àjà mẹ́ta, a lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ká sì dá gbé inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí olè tàbí adigunjalè bá ya wọ ọgbà, ibẹ̀ ni onílé á sá sí pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti àpótí owó. Ihò ìtafà wà lára àwọn eyín orí ògiri. N kò ní sọ pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gun orí rẹ̀ tí ẹ wo àyíká, òkè ló wà lápá ìhín àti lápá ọ̀hún, igbó bò wọ́n. Àfonífojì ni ilé náà jókòó sí, nítòsí odò Onny. Ẹni tó bá dúró lórí òkè yẹn á máa wo inú ọgbà bí ẹni wo inú àwo. Ẹni tó ń kọ́lé fún ogun, orí òkè ni ì bá kọ́ ọ sí. Laurence fi tirẹ̀ sí ibi tí ọ̀nà àfonífojì ń gbà kọjá, níbi tí gbogbo èrò yóò ti máa rí ilé ìṣọ́ náà.

Kí ló wá ń bà á lẹ́rù tó fi gbẹ́ yàrà? Llywelyn, ọmọ ọba Wales tó gbógun ti Edward, ti kú lójú ogun ní oṣù Kejìlá ọdún 1282. Lẹ́yìn ìyẹn, ààlà náà rọ̀ tó fún oníṣòwò láti kọ́ ilé tó dáa sí i. Síbẹ̀, ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó ní owó lọ́wọ́ kì í fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ẹgbẹ́ adigunjalè sì wà káàkiri. Yàrà àti ògiri tó fún wọn. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ogun gidi bá kan irú ilé bẹ́ẹ̀ hàn ní Aydon, ní Northumberland, lẹ́bàá ààlà Scotland. Ilé gbígbé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ náà ní ìparí àwọn ọdún 1290. Ogun Scotland bẹ̀rẹ̀, onílé, Robert de Reymes, sáré gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1305, ó mọ odi, ó fi èjí sí i. Lọ́dún 1315 àwọn ará Scotland wọ ibẹ̀, wọ́n kó o, wọ́n sì dáná sun ún. Kò sí ẹni tó dán Stokesay wò bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ìyẹn ló ṣe ṣì wà.

Laurence kò pẹ́ jẹ ayé ilé rẹ̀. Lọ́dún 1294, ogun bẹ́ láàárín Edward àti ọba Faransé, Edward sì nílò owó kíákíá. Laurence wà lára àwọn oníṣòwò ńlá tó bá a gbèrò bí owó yóò ṣe jáde nínú irun àgùntàn. Owó ibodè orí àpò kan, tí kò pé ṣílè méje tẹ́lẹ̀, fò sókè di ṣílè 40. Àwọn oníṣòwò ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ìyà rẹ̀: wọ́n kàn ń dín iye tí wọ́n ń fún àwọn àgbẹ̀ àti ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ kù ni. Aráàlú pe owó náà ní owó ibodè burúkú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Laurence bá ọkọ̀ tó kó irun àgùntàn àti owó ọba lọ sí òkè òkun. Ìjì mú wọn létí òkun Suffolk, ọkọ̀ rì, Laurence kú sómi. Wọ́n rí òkú rẹ̀ gbé wá sí Ludlow. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Dunstable, tí àwọn náà ní àgùntàn tiwọn, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn wọn pé nítorí pé ó ṣẹ àwọn olówò irun àgùntàn ló ṣe rì nínú ọkọ̀ tó kún fún irun àgùntàn. Inú wọn kò bàjẹ́ rárá, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Ìran rẹ̀ ni ilé náà wà lọ́wọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún 200, lẹ́yìn náà ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Lọ́dún 1620 ó dé ọwọ́ ìdílé Craven. Àwọn ló kọ́ ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ ìyeyè tí mo ní màá padà sórí rẹ̀, ní nǹkan bíi ọdún 1640 sí 1641. Ẹ wò ó dáadáa: igi ni, wọ́n fín Ádámù àti Éfà sí i lára, pẹ̀lú ejò náà. Ilẹ̀kùn àbáwọlé odi, ibi tí ọ̀tá yóò kọ́kọ́ kọlù, igi tí iná lè jó láàárín wákàtí kan ni wọ́n fi ṣe é. Ọdún bíi méjì kò pé lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun abẹ́lé bẹ́ láàárín ọba àti Ilé Aṣòfin.

Ogun náà dé Stokesay lọ́dún 1645. Ọmọ ogun ọba ló wà nínú ilé, ọmọ ogun Ilé Aṣòfin sì dé síta. Wọ́n ní kí àwọn tó wà nínú jáde, wọ́n kọ̀. Wọ́n tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ni wọ́n bá jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé ọ̀gá wọn wo fèrèsé yẹn, ó wo ẹnu ọ̀nà onígi yẹn, ó sì ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe. Lẹ́yìn ogun, Ilé Aṣòfin pàṣẹ pé kí wọ́n ba odi ilé náà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà tún lò ó. Ògiri tó yí ọgbà ká nìkan ni wọ́n wó lulẹ̀ dé ibi tó rẹlẹ̀ tí a rí lónìí. Ilé fúnra rẹ̀, wọn kò fọwọ́ kàn án. Níbòmíràn, wọ́n fi ètù fọ́ odi sí wẹ́wẹ́.

Ohun tó kù nínú ìtàn rẹ̀, àìbìkítà ló pọ̀ jù níbẹ̀, àìbìkítà yẹn ló sì gba ilé náà là. Àwọn tó ni ín kò gbé inú rẹ̀, wọ́n fi yá àgbẹ̀. Onílé tó lówó tó sì ń gbé níbẹ̀ ì bá ti wó gbọ̀ngàn yẹn, ì bá ti fi símínì sí i, ì bá ti sọ ọ́ di ilé ìgbàlódé ní ìgbà mẹ́ta. Àgbẹ̀ kò nílò gbogbo ìyẹn. Ó kó ọkà sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ń kan àgbá níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ sì ń fín ewìrì nísàlẹ̀ ilé ìṣọ́ gúúsù, títí iná fi jó inú rẹ̀ lọ́dún 1830. Nígbà tó yá, obìnrin kan ní agbègbè náà, Frances Stackhouse Acton, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n tún un ṣe kí ó tó wó. Lọ́dún 1869, John Derby Allcroft, tó fi ìbọ̀wọ́ dolówó ní London, rà á. Oníṣòwò tún dé. Ó tún ilé náà ṣe pẹ̀lú sùúrù, ó jẹ́ kó rí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kò kó wọ inú rẹ̀. Ó kọ́ ilé ńlá tuntun kan sí ìtòsí fún ara rẹ̀, èyí tó ní ohun ìgbàdùn ìgbà tirẹ̀. Lọ́dún 1992, ìdílé rẹ̀ fi Stokesay sílẹ̀ fún English Heritage, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ló ń tọ́jú rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí à ń padà lọ wọ ọkọ̀, àgùntàn díẹ̀ wà nínú pápá kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń jẹ koríko lọ, wọn kò tilẹ̀ wo ojú wa. Ẹ̀gbọ́n dúró, wọ́n nawọ́ sí wọn. "Àwọn onílé nìyí," ni wọ́n wí, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ.